Oyè Tó Dí Imú Jíìpù

Kí n má fi ọ̀rọ̀ falẹ̀: Alákòóso Àgbà fi oyè rẹ̀ dí ibi tí jíìpù ilé ìwòsàn ń gbà mí, ó sì mọ̀ pé kò dára. Ẹ̀ṣẹ̀ tó ṣẹ̀ nìyẹn. Bí kò bá mọ̀ ni, à bá ní àìmọ̀kan ló ṣe é, à bá sì fi í sílẹ̀ fún Ọlọ́run. Ṣùgbọ́n ó mọ̀. Ó mọ̀ bí ẹni mọ ẹnu ọ̀nà ilé bàbá rẹ̀, ó sì dákẹ́, nítorí pé ìmọ̀ náà kò bá kóòtù tó wọ̀ mu. Ìwọ tí ò ń ka ìtàn yìí, ẹ̀rín lè pa ọ́ níwájú. Rín in, kò burú. Má ṣàá gbàgbé pé ọkùnrin náà mọ̀.

Lórí òkè ni ilé ìwòsàn àgbègbè náà wà. Inú àfonífojì ni àwọn ènìyàn ń gbé. Ẹni tó kọ́ ọ síbẹ̀ ti kú, wọ́n sì ní ohun tó fẹ́ ni kí ó máa hàn dáadáa nínú fọ́tò. Nítorí fọ́tò ọkùnrin kan, gbogbo aláìsàn ní láti gun òkè kí ara wọn tó yá. Àpáta àti kòtò ni ọ̀nà ibẹ̀. Mọ́tò kékeré kì í dán an wò. Jíìpù kan ṣoṣo ló ń gùn ún.

Jíìpù náà kò rẹwà. Wọ́n ti gé ihò gbọọrọ gbọọrọ sí bọ́nẹ́ẹ̀tì rẹ̀ lápá ibi tó kángun sí gíláàsì, bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹja tó là. Níwájú, ojú redíétọ̀ rẹ̀ ṣí gbayawu bí ẹnu ẹni tó ń rẹ́rìn-ín. Ìdí rẹ̀ kò ṣòro. Ọkọ̀ tó bá ń sáré lójú títì, afẹ́fẹ́ ọ̀nà ló ń tu ẹ́ńjìnnì rẹ̀ lára. Èyí tó bá ń fà gun òkè díẹ̀díẹ̀ kì í rí afẹ́fẹ́ kankan àfi èyí tí fáànù rẹ̀ bá fà wọlé láti iwájú, èyí tó bá sì wọlé gbọ́dọ̀ rí ibi jáde, torí ooru kì í jókòó jẹ́ẹ́. Ẹni tí kò bá lè mí síta kò lè mí sínú. Ọmọdé mọ èyí, ewúrẹ́ pàápàá mọ̀ ọ́n lọ́sàn-án gangan.

Alákòóso Àgbà ilé ìwòsàn náà dé ipò ní àárọ̀ ọjọ́ kan tí iná tún tàn lẹ́yìn tó ti lọ tipẹ́. Akọ̀wé rẹ̀, ọkùnrin kan tí ìtẹríba ti tẹ ọrùn rẹ̀ bí ọ̀pá ìpẹja, wo gílóòbù, ó wo ọ̀gá, ó ní, "Ìmọ́lẹ̀ Tí Kì Í Kú." Iná kú lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ṣùgbọ́n oyè ti jókòó. Láti ìgbà náà ni oyè ti ń bí oyè. Ó di Ọlọ́lá Jùlọ. Ó di Òpó Àgbègbè. Ó di Atẹ́-ọ̀nà-bí-ẹní, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀nà òkè ṣì rí wágunwàgun bí eyín arúgbó.

Ohun kan wà lára rẹ̀ tó máa ń ya àlejò lẹ́nu. Ìbọ̀wọ́ funfun kì í kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, òjò ni o, ẹ̀rùn ni o.

"Awọ ara mi kò gba eruku," ni ó máa ń wí. "Ní òkè òkun tí mo ti kàwé, kò sí ènìyàn pàtàkì tí kì í wọ̀ ọ́."

Wọ́n bi í pé òkè òkun wo. Ó ní èyí tó jìnnà jù.

Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ wá wo ọgbà ọkọ̀, ó rìn yí jíìpù ká bí ẹni tó ń wo ọmọ tí kì í ṣe tirẹ̀. Akọ̀wé ń tẹ̀ lé e, ó ń fi aṣọ nu ilẹ̀ tí ọ̀gá kò tíì tẹ̀.

"Ọlọ́lá Jùlọ," ni Akọ̀wé wí, "ẹ wo àpá lórí ọkọ̀ yín. Ẹni rere kan kò gbọdọ̀ rí irú èyí kí oúnjẹ tún dùn lẹ́nu rẹ̀."

Dírẹ́bà jíìpù, ọkùnrin tó mọ gbogbo kòtò ọ̀nà náà bí ẹni mọ àna rẹ̀, sún mọ́ wọn. "Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Ihò yẹn kì í ṣe àpá. Ibẹ̀ ni ooru ń gbà jáde."

"Ta ló bi ọ́?" ni Akọ̀wé wí.

Alákòóso sún mọ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ó na ọwọ́ sí ọ̀kan nínú àwọn ihò náà, ó sì fi ìka tọ etí rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni tó pàdé ọ̀rẹ́ àtijọ́ níbi tí kò ti fẹ́ kí wọ́n rí òun. Lẹ́yìn náà ni ó gba ọwọ́ padà bí ẹni pé irin náà gbóná.

"Ẹ dí i," ni ó wí.

Wọ́n sì dí i. Kì í ṣe tákísà ni wọ́n fi dí i o. Wọ́n rọ pátákó idẹ kan, wọ́n kọ "Ọlọ́lá Jùlọ" àti "Òpó Àgbègbè" sí i, wọ́n sì fi bóòtù dè é mọ́ orí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Oyè yòókù kò gbà lórí rẹ̀, nítorí náà wọ́n rọ òmíràn, wọ́n gbé e ka ojú redíétọ̀ níwájú. Ẹ̀rù olè ba Akọ̀wé. Ó ní kí wọ́n fi fáìlì tí wọ́n fi ń pọ́n irin rẹ́ orí bóòtù ti bọ́nẹ́ẹ̀tì pẹlẹbẹ, kí sípánà má baà rí nǹkan dì mú, kí ẹnikẹ́ni má baà jí oyè ọ̀gá gbé. Nígbà tó sì di pé ariwo ẹ́ńjìnnì ń bo ìyìn mọ́lẹ̀ níbi ayẹyẹ, wọ́n tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì pupa sí abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì. Òkè dí, iwájú dí, wọ́n tún da aṣọ òtútù bo ẹ́ńjìnnì.

Alákòóso dìde sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ ayẹyẹ náà.

"Ẹ̀yin ènìyàn àfonífojì," ni ó wí, "kí n tó dé, ọkọ̀ yín jẹ́ ọkọ̀ lásán. Lónìí, ó ti di ọkọ̀ tí ń sọ̀rọ̀. Bí aláìsàn bá rí i lókèèrè tó ń bọ̀, kí ó kà á. Bó bá kà á tán, mo mọ̀ pé ìdajì àìsàn rẹ̀ á ti lọ."

Àwọn òṣìṣẹ́ pàtẹ́wọ́. Àwọn aláìsàn náà pàtẹ́wọ́, àwọn tí ọwọ́ wọn ń ṣiṣẹ́.

Kò pẹ́ tí jíìpù fi bẹ̀rẹ̀ sí í hó lórí òkè. Dírẹ́bà a máa dúró lágbedeméjì ọ̀nà, a jẹ́ kí ó tutù, a tún wa díẹ̀, a tún dúró. Ó wá sọ́dọ̀ Akọ̀wé.

"Abẹ́rẹ́ tó ń ka ooru ẹ́ńjìnnì ti ń wọ pupa lójoojúmọ́, sà."

"Ta ló fún un láṣẹ?"

"Abẹ́rẹ́ ni, sà. Kì í gba àṣẹ."

"Ìwọ náà ti ń bá a kọ́ ìwà," ni Akọ̀wé wí, ó sì fúnra rẹ̀ wá lẹ fọ́tò Alákòóso kékeré kan mọ́ ojú abẹ́rẹ́ náà. Láti ọjọ́ náà, bí dírẹ́bà bá fẹ́ mọ bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń ṣe, ọ̀gá ni yóò máa rí tó ń rẹ́rìn-ín músẹ́ sí i.

Ẹjọ́ ń pọ̀ sí i, nítorí náà Alákòóso yan ìgbìmọ̀. Ìgbìmọ̀ jókòó, wọ́n mu nǹkan tútù, wọ́n sì pinnu pé ìwúwo àwọn aláìsàn ló ń dààmú ọkọ̀. Wọ́n ní kí gbogbo aláìsàn tó bá lè rìn máa sọ̀ kalẹ̀ níbi tí òkè bá ti ga, kí wọ́n máa fẹsẹ̀ gùn ún lẹ́yìn jíìpù. Wọ́n pè é ní Ètò Ìdárayá Aláìsàn. Bàbá àgbàlagbà kan tí ikọ́ ń ṣe ní òun ti ń gbọ́ nípa ìjọba tó ń gbé ará ìlú lọ síwájú, òun kò mọ̀ pé ẹsẹ̀ ará ìlú ni wọ́n máa lò.

Ìyàwó dírẹ́bà wà nínú oyún lásìkò yìí, oṣù rẹ̀ sì ti pé. Èyí tó bí ṣáájú fẹ́ pa á. Ẹ̀jẹ̀ kò dá, ilé ìwòsàn orí òkè ló gbà á. Nọ́ọ̀sì agbẹ̀bí ti kìlọ̀ pé kò gbọdọ̀ bímọ sílé mọ́. Nígbàkígbà tí dírẹ́bà bá rí èéfín funfun tó ń yọ lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, ìkìlọ̀ yẹn ni yóò máa rántí.

Ó lọ bá Alákòóso ní ọ́fíìsì. Wo bí ọkùnrin náà ṣe jókòó: fáànù kan ń fẹ́ ẹ níwájú, fèrèsé ńlá sì ṣí sílẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀ kí ooru ara rẹ̀ lè rí ọ̀nà jáde. Ohun tó fi du jíìpù, ó kó gbogbo rẹ̀ jọ fún ara rẹ̀, ó sì tò ó bó ti yẹ gan-an: ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé, ibi tó ń gbà jáde.

"Ọ̀gá, ẹ dákun," ni dírẹ́bà wí. "Ẹ jẹ́ kí n ṣí ti iwájú nìkan. Ìyàwó mi lè rọbí nígbàkigbà. Bí ọkọ̀ yìí bá kú sójú ọ̀nà, mi ò mọ ohun tí màá ṣe."

Alákòóso wo fáànù, ó wo dírẹ́bà. Ẹnu rẹ̀ ṣí. Mo gbà pé ọ̀rọ̀ gidi fẹ́ jáde níbẹ̀. Àmọ́ Akọ̀wé wọlé, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ: àwọn àgbà láti olú ilé iṣẹ́ ń bọ̀ wá wo ilé ìwòsàn, àwọn oní-fọ́tò sì ń bá wọn bọ̀.

"Wọ́n á fẹ́ ka iwájú ọkọ̀ náà," ni Alákòóso wí. Ó pa ẹnu rẹ̀ dé, ó fi ọwọ́ tó wà nínú ìbọ̀wọ́ juwọ́ sí dírẹ́bà pé kí ó máa lọ.

Ọjọ́ àlejò pé. Àwọn àgbà náà ti gun òkè láti àárọ̀ nínú jíìpù tiwọn, wọ́n ń dúró nínú ọgbà ilé ìwòsàn. Alákòóso fẹ́ kí wọ́n rí òun bí òun ṣe ń bọ̀ lẹ́yìn oyè òun. Ó wọ bàtà tó ń dán bíi dígí, ó jókòó síwájú, Akọ̀wé jókòó sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Wọn kò tíì kúrò nígbà tí nọ́ọ̀sì agbẹ̀bí di ìyàwó dírẹ́bà lápá mú dé. Ó ti ń rọbí.

"Ẹ jẹ́ kí ó dúró de ìrìn kejì," ni Akọ̀wé wí.

"Ẹ bá mi sọ fún ọmọ náà," ni nọ́ọ̀sì wí, ó gbé obìnrin náà wọ ẹ̀yìn jíìpù, ó wọlé tì í, ó sì ti ilẹ̀kùn.

Ní ibi tí òkè ti ga jù, ní kọ́nà tó kọjú sí ilé ìwòsàn, jíìpù gbọ̀n, ó sì dúró, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń kan gbàgbàgbà. Èéfín funfun bò wọ́n. Kápẹ́ẹ̀tì ń rùn bí irun tó jóná. Dírẹ́bà bẹ́ sílẹ̀, ó gbé bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó sì na ọwọ́ sí ìdérí redíétọ̀.

"Má ṣí i," ni ohùn kan ké láti inú ọkọ̀. "Omi yẹn á bó ọ lójú. Má pa ẹ́ńjìnnì náà, jẹ́ kí fáànù máa yí. Fa kápẹ́ẹ̀tì yẹn jáde, ṣe kíá."

Ohùn Alákòóso ni. Kì í ṣe ohùn tó fi ń sọ̀rọ̀ níbi ayẹyẹ. Ohùn inú ọgbà mẹkáníìkì ni, ó le, ó yá, kò ní oyè kankan lára. Akọ̀wé wò ó bí ẹni tí ewúrẹ́ kí ní ẹ kú àárọ̀.

Dírẹ́bà fa kápẹ́ẹ̀tì dànù. Ó yíjú padà. "Ọ̀gá, níbo lẹ ti mọ ìyẹn?"

Láti ẹ̀yìn ọkọ̀ ni ìdáhùn ti wá. Ìyàwó dírẹ́bà ń mí, ó ń di ẹ̀yìn àga mú, ó ní:

"Ó mọ̀. Ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń tú u mọ̀ nígbà tí wọ́n ń dè é. Gbogbo ọjọ́ tí ọkọ mi ń bẹ̀ ẹ́, ó mọ̀. Ẹ̀yin ọ̀gá, ṣé mo parọ́?"

Ọ̀rọ̀ yìí wọlé síbi tí ìyìn kò dé rí. Alákòóso sọ̀ kalẹ̀. Ó bọ́ ìbọ̀wọ́ ọwọ́ kan, ó bọ́ èkejì. Àpá omi gbígbóná ńlá kan dán lẹ́yìn ọwọ́ rẹ̀ láti ọrùn ọwọ́ títí dé ìka, irú èyí tí redíétọ̀ máa ń fi sílẹ̀ fún ọmọ iṣẹ́ tí kò gbọ́ràn. Òkè òkun tó jìnnà jù nìyẹn. Ó na ọwọ́ náà sẹ́yìn láìwo ẹnikẹ́ni.

"Gbé sípánà nọ́ńbà méjìlá wá."

Pátákó iwájú tú, ó já bọ́ sínú iyanrìn. Ṣùgbọ́n ti orí bọ́nẹ́ẹ̀tì kọ̀, torí wọ́n ti rẹ́ orí bóòtù rẹ̀. Sípánà ń yọ̀ lórí rẹ̀ ṣáá. Ó yíjú sí Akọ̀wé.

"Ta ló rẹ́ èyí?"

"Nítorí olè ni, Ọlọ́lá Jùlọ. Kí oyè yín má baà kúrò."

"Kò kúrò náà nìyẹn," ni ìyàwó dírẹ́bà wí láti ẹ̀yìn, ó sì kérora.

Alákòóso yí lọ síbi tí bọ́nẹ́ẹ̀tì ti kángun sí gíláàsì. Lẹ́yìn náà ni ó dẹ nọ́ọ̀tì tó so ẹ̀yìn bọ́nẹ́ẹ̀tì mọ́ ara ọkọ̀, ó gbé ẹ̀yìn náà sókè, ó wá ohun tí yóò fi tì í kí ó má padà sílẹ̀. Òkúta tó wà nílẹ̀ tóbi jù. Ó wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó bọ́ bàtà dídán náà, ó ki ọ̀kan sí apá ọ̀tún, ó ki èkejì sí apá òsì. Ooru rọ́ jáde láàárín wọn bí ọ̀pọ̀ ènìyàn tí wọ́n ṣí ilẹ̀kùn fún. Gbàgbàgbà ẹ́ńjìnnì náà rọlẹ̀. Nígbà tó yá tó tutù díẹ̀, ó fi aṣọ kóòtù rẹ̀ bo ìdérí redíétọ̀, ó ṣí i pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó sì rọ omi mímu tí wọ́n ń gbé lọ fún àwọn àlejò sínú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

"Máa lọ," ni ó wí fún dírẹ́bà. "Má sáré. Èmi àti ẹni yìí á fẹsẹ̀ rìn, kí ó lè fúyẹ́."

Báyìí ni àwọn àlejò ṣe rí wọn. Ṣé o rántí pé wọ́n kọ́ ilé ìwòsàn náà sórí òkè kí ó lè hàn dáadáa nínú fọ́tò? Ojú ọ̀nà pẹ̀lú hàn dáadáa láti inú rẹ̀. Gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní kọ́nà ni wọ́n wò láti ìbẹ̀rẹ̀, àwọn oní-fọ́tò kò sì sùn. Wọ́n rí jíìpù tó ń bọ̀, bàtà méjì yọrí lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì. Wọ́n rí Òpó Àgbègbè lẹ́yìn rẹ̀ nínú ìbọ̀sẹ̀, tó ń ṣe Ètò Ìdárayá Aláìsàn.

Wọ́n gbé obìnrin náà wọlé. Ẹ̀jẹ̀ kò fẹ́ dá lóòótọ́, gẹ́gẹ́ bí nọ́ọ̀sì ti sọ. Ṣùgbọ́n dókítà wà ní tòsí, oògùn wà ní tòsí. Ọmọ náà ké. Obìnrin ni. Ìyá rẹ̀ náà yè é.

Akọ̀wé gbọ́ igbe ọmọ náà, ó sì rí àǹfààní. "Ọlọ́lá Jùlọ ti gba ẹ̀mí méjì là," ni ó wí fún àwọn àlejò. "Olùgbàlà Aboyún." Àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí í pàtẹ́wọ́.

Ìwọ òǹkàwé, bí ọwọ́ rẹ bá ń yún ọ, fi họ orí. Ẹni tó dáná sí oko, tó wá bu omi pa á, ṣé a ó tún fi jẹ olóko?

Àgbà obìnrin kan nínú àwọn àlejò kò pàtẹ́wọ́. Ó ní, "Mo rí ẹni tó ṣí i. Ta ló dí i?"

Akọ̀wé, tí ọrùn rẹ̀ kò gbé rí, gbé e sókè lọ́jọ́ náà. Ó ní òun ti ń sọ ọ́ tipẹ́ pé pátákó yẹn kò dára. Báyìí ni gbogbo oyè ṣe kúrò lára Alákòóso, láìlo sípánà kankan.

"Ṣé ẹ mọ̀ pé yóò hó?" ni àgbà obìnrin náà bi Alákòóso.

"Mo mọ̀, mà. Mẹkáníìkì ni mí tẹ́lẹ̀."

"Kí ló dé tí ẹ kò sọ?"

Ó wo ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀. "Torí wọ́n á mọ̀ pé mẹkáníìkì ni mí."

Wọ́n gba ipò lọ́wọ́ rẹ̀ kí wọ́n tó sọ̀ kalẹ̀. Ó rò pé ó parí síbẹ̀. Ó mú aṣọ ọmọ lọ bẹ ìyàwó dírẹ́bà nínú yàrá, ó ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́. Obìnrin náà gba aṣọ. Kò gba ẹ̀bẹ̀.

"Ẹ ṣé o, ọ̀gá," ni ó wí. "Ṣùgbọ́n ìta lẹ ti dí i, níṣojú gbogbo ènìyàn, pẹ̀lú ìpàtẹ́wọ́. Ẹ lọ bẹ̀bẹ̀ níta. Èmi nìkan kọ́ lẹ ṣẹ̀, àwọn kan fẹsẹ̀ rìn lẹ́yìn ọkọ̀ yẹn."

Nítorí náà, lọ́jọ́ tí ìyá àti ọmọ ń lọ sílé, gbogbo ènìyàn pé jọ sí ọgbà ọkọ̀ ní ìsàlẹ̀ òkè. Bàbá tó ń wúkọ́ wà níbẹ̀. Jíìpù wà níbẹ̀, ihò rẹ̀ ṣí. Dírẹ́bà ti gé idẹ oyè náà, ó ti tẹ̀ ẹ́ yí fáànù ká lẹ́yìn redíétọ̀, kí afẹ́fẹ́ tí fáànù bá ń fà má baà yà síbòmíràn. Ojú ìkọ̀wé rẹ̀ kọjú sínú, fáànù nìkan ló ń kà á.

Alákòóso àná gòkè orí àpótí kan. Ọwọ́ rẹ̀ wà níhòòhò.

"Ẹ̀yin ènìyàn ọ̀wọ́n," ni ó bẹ̀rẹ̀, "nínú ìrìn àjò ìdàgbàsókè, ìpèníjà kò lè ṣàìwáyé. Àwọn àṣìṣe kan wáyé, èyí tí ooru àkókò náà…"

"Ọ̀gá," ni ìyàwó dírẹ́bà ké sí i, ọmọ wà lẹ́yìn rẹ̀, "oòrùn ń pa ọmọ yìí. Ẹ sọ ọ́ bí ẹ ṣe sọ ọ́ ní kọ́nà."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ó sọ̀ kalẹ̀ kúrò lórí àpótí, ó dúró sórí ilẹ̀ tí gbogbo wọn dúró sí, ohùn ọgbà mẹkáníìkì sì padà sí i lẹ́nu.

"Èmi ni mo ní kí wọ́n dí i," ni ó wí. "Ẹnì kan kò tàn mí. Mo mọ̀ pé yóò hó, mo sì mọ̀ pé ẹ̀yin lẹ máa sọ̀ kalẹ̀ rìn. Bàbá, mo gbọ́ ikọ́ yín láti fèrèsé mi. Mo mọ̀, mo sì dí i, kí ẹ lè máa ka orúkọ mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárí jì mí."